Síkì: Kí ló mú kí àwọn ojú ọ̀nà yìnyín kan ní òkè Alps máa ba àwọn ọ̀jáfáfá pàápàá lẹ́rù?

Lọ́dọọdún, bí ìgbà òtútù bá ti dé ní Yúróòpù, àìmọye èèyàn ló máa ń gbéra lọ sí àwọn òkè Alps láti lọ ṣe síkì. Àwọn òkè yìí nà gba ilẹ̀ Faransé, Switzerland, Ítálì, Austria àti àwọn orílẹ̀èdè mìíràn kọjá.

Síkì ni eré ìdárayá tí èèyàn ti máa ń de ohun pẹlẹbẹ gígùn méjì mọ́ bàtà, tí yóò mú ọ̀pá méjì dání, tí yóò sì máa yọ̀ lórí yìnyín láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà yìí ló rọrùn débi pé ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ́ eré náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa yóò dé orí wọn, yóò wo ìsàlẹ̀, tí yóò sì yí padà.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Bí òkè ṣe ga tó nìkan kọ́.

Àwọ̀ ló ń sọ bí ojú ọ̀nà ṣe le tó

Ní Yúróòpù, àwọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àmì sí ojú ọ̀nà síkì. Búlúù wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, pupa wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, dúdú sì wà fún ọ̀jáfáfá. Ní ilẹ̀ Faransé, àwọ̀ ewé tún wà, tó rọrùn ju búlúù lọ.

Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń wọn bí òkè ṣe dà sílẹ̀ tó. Bí wọ́n bá ní ojú ọ̀nà kan jẹ́ 40%, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí èèyàn bá fi mítà 100 lọ síwájú, yóò ti fi mítà 40 sọ̀kalẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, ojú ọ̀nà tó bá ti kọjá 40% ni wọ́n ń pè ní dúdú. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí dúdú kò ní òpin. Èyí tó jẹ́ 45% àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lè jọ ní àmì kan náà.

Harakiri: Èyí tó dà sílẹ̀ bí òrùlé

Àpẹẹrẹ kan ni Harakiri, tó wà ní Mayrhofen lórílẹ̀èdè Austria. Ó tó 78%, èyí tó fi dà sílẹ̀ ju òrùlé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú èdè Japan, níbi tó ti túmọ̀ sí kí jagunjagun fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń tẹ́ yìnyín ibẹ̀ kò lè dá dúró, okùn irin ni wọ́n fi ń so ó mọ́ orí òkè kó má baà yọ̀ lọ. Bí èèyàn bá ṣubú níbẹ̀, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe ìṣubú náà, bí kò ṣe pé kò sí ohun tí yóò dá a dúró títí yóò fi dé ìsàlẹ̀.

Pas de Chavanette: Ògiri tó wà ní ẹnubodè

Láàrin ilẹ̀ Faransé àti Switzerland ni Pas de Chavanette wà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ‘Ògiri Switzerland’. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dà sílẹ̀ débi pé èèyàn kì í rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àfi tó bá dé etí rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn òkìtì yìnyín kéékèèké tí ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ti gbẹ́ jọ. Bí òtútù bá mú, wọ́n á le bí òkúta. Àga tó ń rìn lórí wáyà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ tí ọkàn wọn kò gbé e ló sì máa ń jókòó sínú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Streif àti Lauberhorn: Níbi tí eré sísá ti di ewu

Fún àwọn tó ń díje, Streif ní Kitzbühel, Austria, ni orúkọ tó ń mú àyà já jùlọ. Ó gùn ní mítà 3,312, ibi tó dà sílẹ̀ jùlọ níbẹ̀ sì tó 85%. Wọ́n ń pe ibẹ̀ ní Mausefalle, ìyẹn ‘pàkúté eku’. Láti ibẹ̀ ni àwọn olùdíje ti máa ń fò sókè kí ẹsẹ̀ wọn tó tún kan ilẹ̀.

Fritz Strobl ti Austria ló yára jùlọ níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 51.58 ló lò lọ́dún 1997. Àmọ́ lọ́dún 2009, Daniel Albrecht ti Switzerland ṣubú níbi ìgbáradì, ó sì wà láìmọ ara rẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lauberhorn ní Wengen, Switzerland, ni ojú ọ̀nà tó gùn jùlọ nínú ìdíje àgbáyé irú rẹ̀, ó lé ní kìlómítà mẹ́rin. Níbẹ̀ ni Johan Clarey ti Faransé ti sá eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 162 ní wákàtí kan lọ́dún 2013. Níbẹ̀ náà ni Gernot Reinstadler, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Austria, ti pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ lọ́dún 1991.

Ewu tí ojú kò rí

Kì í ṣe gbogbo ojú ọ̀nà tó léwu ló dà sílẹ̀ bí ògiri. Vallée Blanche ní Chamonix, ilẹ̀ Faransé, gùn tó nǹkan bí ogún kìlómítà, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò sì le fún ẹni tó mọ síkì. Ṣùgbọ́n àwọn kòtò jíjìn wà nínú yìnyín ibẹ̀, tí yìnyín tuntun máa ń bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba èèyàn níyànjú láti mú afinimọ̀nà dání.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Michael Schumacher, ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Formula One nígbà méje, tún jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2013, ó kúrò lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí ní Méribel, ó ṣubú, orí rẹ̀ sì gbá òkúta. Ó dé akoto, síbẹ̀ ó farapa gan-an nínú ọpọlọ.

Àwọn ọmọ Áfíríkà náà wà níbẹ̀

Kwame Nkrumah-Acheampong ló kọ́kọ́ ṣojú Ghana ní Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní Vancouver lọ́dún 2010. Inú gbọ̀ngàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí yìnyín àtọwọ́dá, ló ti kọ́ síkì. Togo dara pọ̀ lọ́dún 2014. Samuel Ikpefan náà sì ṣe síkì fún Nàìjíríà ní Beijing lọ́dún 2022, àmọ́ oríṣi ti ọ̀nà jíjìn ni tirẹ̀, kì í ṣe ti sísọ̀kalẹ̀ láti orí òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ ńkọ́?

Fún àwọn tó ń gbé ní Yúróòpù, tí ọmọ wọn ń bẹ̀bẹ̀ láti bá ilé ìwé lọ, àwọn ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nìyí:

• Ẹ gba olùkọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ ewé tàbí búlúù.

• Ẹ dé akoto, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ó lè gbani lọ́wọ́ gbogbo ewu.

• Ẹ má ṣe kọjá àwọn òpó tí wọ́n fi sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn wọn ni òkúta tó fara pamọ́ àti yìnyín tó lè ya lu èèyàn wà.

• Ẹni tó wà níwájú yín ló ni ọ̀nà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ gbọ́dọ̀ yà fún un.

• Ẹ ní ìwé adójútòfò. Láti ọdún 2022 ni Ítálì ti sọ ọ́ di dandan láti ní èyí tí yóò bo ẹni tí ẹ bá ṣe léṣe.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn olùdíje Streif tó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọ̀ dúdú.