Ẹ yọ ohùn àwọn àgbà nínú fídíò àtijọ́, àmọ́ ẹ má gbé e lé àjèjì lọ́wọ́

Bí èèyàn bá wọ ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ Yorùbá, á rí fọ́tò àwọn tó ti kú lára ògiri. Bàbá àgbà wọ agbádá, ìyá àgbà wé gèlè, wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n tẹjú mọ́ kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè bí ìyá yẹn ṣe máa ń ki ọmọ tó bá wá kí i láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Fọ́tò wà, ohùn ò sí.

Kì í sì í ṣe pé ohùn náà ò sí rárá o. Ó wà níbì kan. Ó wà nínú fídíò ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti ìwúyè tí a ti ń ká sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì VHS tó ń hu funfun nínú àpótí, nínú VCD tó ti họ, nínú fídíò 3GP tí ẹnì kan fi fóònù kékeré ká ní nǹkan bí 2007. Àwòrán inú ẹ̀ lè ti bàjẹ́ débi pé a ò dá ojú ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, kí ohùn ẹ̀ sì ṣì máa dún ketekete. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fáwọn tó bá bi mí pé, tí ẹ ò bá lè tún àwòrán ṣe, ẹ tètè yọ ohùn jáde.

Mo ní kí ẹ tètè torí pé àkókò ò dúró de ẹnì kankan. Ilé iṣẹ́ Funai ti Japan, tó kẹ́yìn àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ tó ń lo VHS, dáwọ́ ẹ̀ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun ni kò ní ibi tí wọ́n ń ki síídì sí mọ́. Kò ní pẹ́ tí ohùn máa wà lọ́wọ́ wa tá ò sì ní rí ohun tá máa fi gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí kọ̀ǹpútà lónìí kò ju ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ. Fídíò ìsọmọlórúkọ kan wà nílé wa, tí ìyá àgbà kan ti ki oríkì ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní mo fẹ́ yọ ohùn yẹn sọ́tọ̀ kí gbogbo ẹbí lè máa gbọ́ ọ lórí fóònù. Ọmọ náà ní, “Ọ́ńkù, kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Àwọn ìkànnì tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ bí eèrà. Ẹ kàn gbé fídíò yẹn sókè, ẹ tẹ MP3, ó parí.”

Mo ní, “Ó dáa. Kọ̀ǹpútà ta ni fídíò yẹn ń lọ?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Orí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ̀, Ọ́ńkù.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ojú sánmà. Tí ẹ bá gbé fáìlì sórí ìkànnì tó ń yí fídíò padà sí MP3, inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ló ń lọ, ní ìlú tí ẹ ò mọ̀, lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò rí rí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á wá fi ohùn ránṣẹ́ padà sí yín. Fídíò yín wà lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn. Àwọn tó jẹ́ olóòótọ́ nínú wọn máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ń pa á rẹ́ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Àwa tá a wà níbí ò ní ọ̀nà tá a lè fi mọ̀ bóyá wọ́n pa á rẹ́ lóòótọ́.

Ẹ wá ro ohun tó wà nínú fídíò ìsọmọlórúkọ kan ṣoṣo. Orúkọ ọmọ pátá, ọjọ́ tí wọ́n bí i, orúkọ bàbá, orúkọ tí ìyá ń jẹ́ kó tó relé ọkọ, àdúgbò, nígbà míì nọ́ńbà ilé. Díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí gan-an ni àwọn báńkì máa ń béèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n lè mọ̀ pé àwa ni. Oríkì fúnra rẹ̀, ìtàn ìdílé ni látòkèdélẹ̀. Ẹni tí kò ní fi ìwé ilẹ̀ bàbá ẹ̀ han ẹni tó pàdé lójú títì, ṣé ó yẹ kó fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ìkànnì tí kò mọ ẹni tó ni ín?

Ìbẹ̀rù mi yìí kì í ṣe ti àgbà tó ń sá fún nǹkan tuntun. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ọ́fíìsì FBI tó wà ní Denver, ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn ọ̀daràn ń lo àwọn ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń yí fáìlì padà láti fi kó fáírọ́ọ̀sì sínú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Ohun tó mú un burú ni pé ìkànnì náà lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Fáìlì tó dá padà ló máa gbé olè pamọ́ sínú. Wọ́n tún ní ó lè máa ṣa àwọn ìsọfúnni tó wà nínú ohun tí ẹ gbé fún un, bíi ti báńkì àti páṣíwọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ ohùn fúnra rẹ̀ tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí Microsoft kéde VALL-E, ètò kọ̀ǹpútà tó lè sín ohùn èèyàn jẹ lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ọ fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 péré. Àwọn ètò míì ti tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n yín tó ń sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí nínú fídíò yẹn ṣì wà láyé, ó sì ní ọmọ tó lè fowó ránṣẹ́ tó bá gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù.

Yàtọ̀ sí ewu, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Fídíò VCD wákàtí kan tó nǹkan bí 600 MB. Dátà yẹn ni ẹ máa fi gbé e lọ, kí wọ́n tó wá fún yín ní MP3 tí kò ju nǹkan bí 60 MB lọ. Tí iná bá lọ tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì já láàárín, ọ̀pọ̀ ìgbà lẹ máa tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá ṣe é lórí kọ̀ǹpútà yín, dátà kankan ò lọ sí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí ohùn ṣe ń bàjẹ́. Fáìlì fídíò dà bí àpò tí wọ́n kó nǹkan méjì sí, àwòrán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀. Èèyàn lè mú ohùn nínú àpò yẹn bó ṣe wà, kó gbé e sínú àpò míì, kí nǹkan kan má yí padà lára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ọ̀fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ni wọ́n máa ń tún ohùn náà fún sínú MP3. MP3 sì rèé, kó lè kéré, ó máa ń gé àwọn ohun tó rò pé etí ò ní mọ̀ dànù. Ohùn inú fídíò yín ti kọ́kọ́ gba irú ìgékù bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá tún gé e, ó dà bíi kéèyàn ṣe fótókọ́pì lára fótókọ́pì.

Fún èdè tiwa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ fóònù àtijọ́ tó ń ká 3GP máa ń fi ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní AMR gba ohùn, èyí tí ohunkóhun tó bá ga ju nǹkan bí 3,400 hertz kì í wọ̀. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ tó ń ya ọkọ̀ sọ́tọ̀ sí ọkọ́ máa ń yè é. Àwọn bíi “s” àti “f” ni kì í yè é, tí “sá” á fi máa dún bíi “fá”. Ẹni tó bá ń fetí sí oríkì àtijọ́, tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti ṣàjèjì sí i tẹ́lẹ̀, á wá pàdánù ìwọ̀nba tó kù.

Kí wá ni ká ṣe? Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ VLC, tí ọ̀pọ̀ yín fi ń wo fíìmù. Òun náà ń yọ ohùn. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Media, ẹ yan Convert/Save, ẹ fi fídíò yín síbẹ̀, kí ẹ wá yan Audio – FLAC níbi tó bá ti béèrè irú ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ fún un lórúkọ, ẹ tẹ Start. FLAC kì í gé ohùn, nítorí náà òun ni kí ẹ fi pamọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lè ṣe MP3 láti ara ẹ̀ fún WhatsApp ẹbí. Tó bá jẹ́ VCD ni, ẹ wo inú fódà tó ń jẹ́ MPEGAV, fáìlì tí orúkọ ẹ̀ parí sí .DAT ni fídíò yín, VLC sì máa ń ṣí i.

Fún àwọn tí ọwọ́ wọn yá díẹ̀, FFmpeg wà, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ ní 2000. Tí fídíò bá jẹ́ MP4, tí ohùn inú ẹ̀ sì jẹ́ AAC bó ṣe máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, ìlà kan péré ti tó:

ffmpeg -i fidio.mp4 -vn -c:a copy ohun.m4a

“-vn” ń sọ pé kó fi àwòrán sílẹ̀. “copy” ń sọ pé kó mú ohùn bó ṣe wà, kó má fọwọ́ kan ohunkóhun. Kì í pẹ́ rárá.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò ní kọ̀ǹpútà. Áàpù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wà fún fóònù, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́: ẹ pa dátà àti Wi-Fi, kí ẹ wá ní kó yọ ohùn. Tó bá ṣe é, a jẹ́ pé orí fóònù yín ló ti ń ṣiṣẹ́. Tó bá kọ̀ tó ní ẹ tan dátà, ẹ béèrè ohun tó fẹ́ gbé lọ. Tó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ bẹ̀, ẹ jókòó tì í títí á fi parí, kí ẹ sì mú fláàṣì yín kúrò níbẹ̀.

N ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo ìkànnì wọ̀nyẹn láé. Ìwàásù tàbí orin tí ẹ ti gbé síta fún gbogbo ayé, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kò sí àṣírí kankan níbẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewu fáírọ́ọ̀sì ò lọ. Ohun tó jẹ́ ti ìdílé ni mò ń sọ.

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ẹ má ju fídíò àkọ́kọ́ nù nítorí pé ẹ ti rí ohùn yọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹlòmíì nínú ẹbí, torí olè àti omi òjò kì í sọ tẹ́lẹ̀. Èkejì, ẹ kọ orúkọ sí fáìlì náà: ta ló ń sọ̀rọ̀, ìlú wo ni, ọdún wo, ìnáwó kí ni. Ẹ pe àwọn àgbà tó ṣì wà láyé kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n sọ ẹni tó ń ki ta fún yín, kí ẹ sì ká ohùn tiwọn náà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ẹ̀. Tí àwọn yẹn bá lọ tán, MP3 kankan ò lè sọ fún ọmọ yín pé ìyá ta lò ń gbọ́ yìí.