Kí Ẹ Tó Gbé Oògùn Ìsoríkọ́ Mì

Ìwé ìlàlóye fún àwọn ará Festac Town àti gbogbo Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Bí ìsoríkọ́ bá ń dà yín láàmú, tí wọ́n sì ti kọ oògùn fún yín ní ọsibítù tàbí tí wọ́n tà á fún yín ní kẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí ná. Oògùn ìsoríkọ́ ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni da tirẹ̀ nù. Àmọ́ àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń lò ó lóun nìkan, ó lè gbé wọn kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n dúró, tí orí wọn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Àwọn tó ní àìsàn bípólà ni.

Kí ni bípólà?

Ẹni tó ní bípólà máa ń ní ìgbà méjì tí kò jọra. Nígbà kan, ayé á sú u, ara rẹ̀ á wúwo, oúnjẹ ò ní wù ú, á máa rò pé òun ò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ á yá sódì. Ó lè má sùn ju wákàtí méjì lọ, kò sì ní rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ á máa tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Owó ilé tó yẹ kó san fún lánlọ́ọ̀dù, á fi ra ọjà tí kò nílò ní Trade Fair, tàbí kó pín in fún àwọn tí kò mọ̀ rí. Á máa pe èèyàn láago méjì òru láti sọ ètò ńlá tó ní lọ́kàn. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí kó máa bá gbogbo ilé jà. Ìgbà kejì yìí làwọn dókítà ń pè ní máníà. Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 40 ló ní bípólà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́

Èèyàn kì í lọ sọ́sibítù nítorí pé inú rẹ̀ ń dùn. Ìgbà tí ayé bá sú u ló ń lọ. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó bá bá pàdé lọ́jọ́ náà, ìsoríkọ́ nìkan ló máa rí, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un nípa èṣín, nígbà tí aláìsàn yìí ò sùn fún odindi ọ̀sẹ̀, tó fẹ́ dá iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fi gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ẹbí ti gbàgbé, tàbí ojú ń tì wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń kọ oògùn ìsoríkọ́ nìkan fún un nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti dìde, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń jí láago mẹ́ta òru fọ gbogbo ilé. Àwọn ará ilé á máa dúpẹ́ pé oògùn ti jẹ́, wọn ò mọ̀ pé máníà ló ń bọ̀ yẹn.

Ní orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó ní bípólà, tó lé ní 3,000, wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, ewu máníà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta lára àwọn tó ń lo oògùn ìsoríkọ́ nìkan. Lára àwọn tó ń lò ó pẹ̀lú oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, bíi lithium tàbí valproate, ewu náà kò pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ní bípólà, tí ìsoríkọ́ sì mú, ìtọ́jú wà fún un. Dídá oògùn ìsoríkọ́ lò ni kò yẹ ẹ́.

Amitriptyline ló ń kọ wá lóminú jù. Kò wọ́n, kò sì ṣòro rí. Ẹni tí kò rí oorun sùn ń rà á, ẹni tí ẹsẹ̀ ń ta nítorí ìtọ̀ ṣúgà ń lò ó, ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ rárá pé oògùn ìsoríkọ́ ni. Òun àti àwọn tó bá a tan, àti venlafaxine, máa ń ta máníà jí ju fluoxetine àti sertraline lọ. Ẹ̀yin tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn láti Agboju dé Mile 2, ẹ dákun, ẹ má fi tọrẹ fún ẹni tó kàn ní òun ò rí oorun sùn.

Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà

Ẹ sọ fún un bí ìgbà kan bá ti wà rí tí ẹ ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ yín, tí àwọn èèyàn ń sọ pé ìwà yín ti yí padà. Ẹ sọ ọ́ bí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ti ní irú àìsàn yìí, tàbí tó bá ti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, bí àbísínwín bá ti ṣe yín rí, ẹ má fi pamọ́ rárá, kódà kó jẹ́ pé ọmọ náà ti wọ yunifásítì báyìí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àbísínwín àti bípólà jọ ń rìn. Ẹ dárúkọ àgbo tí ẹ ń mu pẹ̀lú, pàápàá èyí tí wọ́n fi gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ sè, torí ó ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ó sì lè dá kún ìsoríkọ́.

A mọ ìdí táwọn èèyàn fi ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Wọn ò fẹ́ kí wọ́n pe àwọn ní wèrè. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, èyí tó rọ́pò òfin ayé àtijọ́, kò fàyè gba kí wọ́n máa fi àìsàn yìí yọ èèyàn sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa ṣọ́ oorun rẹ̀

Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹni yín bá bẹ̀rẹ̀ oògùn ìsoríkọ́, oorun rẹ̀ ni kí ẹ fojú sí. Bí kò bá sùn tó bó ṣe ń sùn tẹ́lẹ̀, tí kò sì rẹ̀ ẹ́, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó tó lo hóró tó kàn. Dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa dá oògùn ìsoríkọ́ náà dúró. Oògùn tó ń mú ọkàn dúró sójú kan, ẹ má dá a dúró. Ẹ má sì mú un lọ sí ìṣọ́ òru lásìkò yìí. A ò bá ẹ̀sìn kankan jà. Àìsùn nìkan tó láti ta máníà jí. Ẹ gbàdúrà fún un lọ́sàn-án, kó lè sùn lóru.

Bó bá ń lo lithium, kó máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásìkò, kó máa mu omi dáadáa nínú oòrùn, kó sì yàgò fún ibuprofen àti diclofenac àyàfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i. Obìnrin tó lè lóyún gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè kó tó lo valproate, torí ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá.

Ibi tí ẹ lè lọ

Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí yín lè kọ lẹ́tà fún yín. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Yaba Left, ti ń tọ́jú èèyàn láti 1907. Ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Òṣòdì ń tọ́jú àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà pẹ̀lú. Bí ẹnì kan bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, tàbí tó fẹ́ ṣe ẹlòmíì léṣe, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan; ẹ pe 112 tàbí 767.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó wà nílé dání. Kí ẹnì kan tó ń bá aláìsàn gbé tẹ̀ lé e wọlé sọ́dọ̀ dókítà, torí ẹni tí máníà bá mú kì í sábà gbà pé ohunkóhun ń ṣe òun.