Ká Tó Ra Igi Ìdáná Ìgbà Òjò

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdìbò. Ọ̀rọ̀ igi ìdáná ni. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló wà nínú igi ìdáná tí àgbà fi ń gbé e sínú ìwé ìròyìn. Owó ilé wa wà níbẹ̀, ìlera àwọn ìyá wa náà sì wà níbẹ̀.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí. Gáàsì sílíńdà kílò 12.5 ti lé ní 15,000 náírà ní ọdún 2024. Ọ̀pọ̀ ilé tó ti gbàgbé igi ló padà sí ẹ̀yìnkùlé lọ to ààrò. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó ń dùn wá ni pé à ń fi ojú lásán ra igi, a kò mọ iye tí à ń lò.

Ẹ jẹ́ ká fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù keje ọdún 2024, a sin ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa. A ra igi píkọ́ọ̀pù kan. Ẹni tó tà á fún wa fi Ọlọ́run búra pé yóò se ìrẹsì àti ẹ̀wà èèyàn 300, yóò sì ṣẹ́kù. A gbà á gbọ́. Nígbà tí a já igi náà sílẹ̀, a rí i pé wọ́n tò ó kí àárín rẹ̀ lè ṣófo ni, igi tútù ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òjò tún rọ̀ ní ìdájí. Kí ìkòkò ìrẹsì kejì tó hó, igi ti tán. Àwọn ìyá wa fẹ́ná títí ojú wọn fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kí a má bàa tẹ́ lójú àlejò, a mú lára owó tí a dá jọ fún opó olóògbé, a fi ra igi mìíràn ní ìlọ́po méjì iye tí à ń rà á tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló gbà wá kí a tó dá owó náà padà fún un. Ìtìjú ńlá ni.

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè bí a ṣe ń ṣírò igi.

Èkíní ni omi tó wà nínú igi. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ omi yẹn kó tó kọjú sí ìkòkò. Bí igi bá gbẹ dáadáa, omi inú rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 15 sí 20 nínú 100. Ooru tí kílò igi tútù kan ń mú wá kò ju bí ìdajì ti igi gbígbẹ lọ. Àwọn tó ń fi igi mú ilé wọn móoru nígbà òtútù mọ èyí dájú. Ní ilẹ̀ England, láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, òfin ti sọ pé igi tí kò tó ìwọ̀n kúbíìkì mítà méjì kò gbọ́dọ̀ di títà fún ìdáná inú ilé bí omi inú rẹ̀ bá ju 20 nínú 100 lọ. Níbí, ojú àti etí wa ni òfin wa. Ẹ gbá igi méjì mọ́ra: èyí tó gbẹ á dún ketekete, èyí tó tútù á dún bìbì. Ẹ wo orí igi náà bóyá ó ti sán.

Èkejì ni ìwọ̀n. Ẹ yá òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ ẹrù lọ́wọ́ ẹlẹ́ran tàbí oníṣòwò. Ẹ wọn igi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi dáná fún ọjọ́ 7, kí ẹ má fi igi mìíràn kún un. Ní ọjọ́ keje, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́kù. Ká sọ pé kílò 50 ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tí kílò 22 sì ṣẹ́kù. Kílò 28 lẹ lò, ìyẹn kílò 4 lóòjọ́. Fún 90 ọjọ́ òjò, ó di kílò 360. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un nítorí àlejò àti ọjọ́ tí igi bá rin, ó di kílò 432. Ẹ ra á nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ là á, ẹ tò ó sórí búlọ́ọ̀kù, ẹ bo orí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ẹ sàmì sí ìtì kan, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá fúyẹ́ mọ́, igi ti gbẹ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìfiwéra. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, ooru tó ń dé inú ìkòkò kò ju bí 10 sí 15 nínú 100 lọ. Ìyókù ń bá atẹ́gùn lọ. Nítorí náà, kílò gáàsì kan ń ṣe iṣẹ́ bíi kílò 10 igi gbígbẹ. Ilé tó ń lo kílò 28 igi lọ́sẹ̀ lè má lò tó kílò 3 gáàsì. Ẹ béèrè iye tí kílò 10 igi jẹ́ ládùúgbò yín, kí ẹ tó gbé sílíńdà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó ń jẹ́ kí igi dà bí ẹni pé ó pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú ni pé díẹ̀díẹ̀ la ń rà á. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa fi bẹ̀rẹ̀ àjọ gáàsì.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká gáàsì, kó dé ìkòkò, kó rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kó sì máa ti orí igi nìkan sínú iná. Kó má dáná nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa èèyàn tó mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 5 tó lé ní 237,000 sì wà lára wọn. Ẹ má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pààyàn lójú oorun.

Ìgbìmọ̀ ìnáwó wa ti ń wọn igi báyìí. Iye kílò tí ìkòkò ńlá kan gbà ni akọ̀wé ń kọ sínú ìwé, òun la sì fi ń mọ iye tí a ó rà fún ìnáwó tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ ti ra òṣùwọ̀n kan; ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá yá a fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ ìpàdé.

Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ìṣirò tí a kò ṣe ni igi wọ́rọ́kọ́ tiwa lọ́jọ́ yẹn, opó ló sì jìyà rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ire o.