Fóònù ń kọ́ òbí bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ láìlo pàṣán, ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó dátà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìdí nìyí tí pàṣán kò fi wọ́n nílé ọ̀pọ̀ òbí wa. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2014 fi hàn pé nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́fà ni wọ́n ti lù ní ìlùkulù, tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ gún lára tàbí tí wọ́n ti bá ṣèṣekúṣe kí wọ́n tó pé ọdún 18. Kì í ṣe òbí nìkan ló ń ṣe é o, àmọ́ òbí wà lára wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ojú ìwé ọrọ̀ ajé ni iye tí wọ́n ń ná láti kọ́ òbí. Ní South Africa, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Oxford àti ti Cape Town gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Sinovuyo Teen. Èdè Xhosa ni, 'a ní ayọ̀' ló túmọ̀ sí. Ìdílé 552 ní Eastern Cape ni wọ́n fi dán an wò. Ìjókòó 14 ni ètò náà ní, níbi tí òbí àti ọmọ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìbínú, bí wọ́n ṣe ń ṣètò owó ilé, tí wọ́n sì ń fi díẹ̀ pamọ́. Ẹni tó bá ní kí ló kan owó nínú ọmọ títọ́, kó wo bí ìyá tí kò tíì rí owó oúnjẹ alẹ́ ṣe ń dá ọmọ tó béèrè owó ìwé lóhùn.

Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2018, ìyà tí àwọn òbí tó kópa láwọn fi ń jẹ ọmọ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí kò kópa. Ètò ìnáwó ilé wọn náà dára sí i. Ohun tí àwọn ọmọ fúnra wọn sọ nípa ìyà ọ̀hún ni kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ó sì yẹ kéèyàn fi ìyẹn sọ́kàn. Owó tó bá a lọ tó dọ́là 504 lórí ìdílé kan. Ìjọba wo ló fẹ́ san ìyẹn fún mílíọ̀nù ìdílé?

Ibẹ̀ ni fóònù ti wọlé. Wọ́n sọ ẹ̀kọ́ náà di ParentText, tó ń fi iṣẹ́ kéékèèké ránṣẹ́ sí òbí lórí WhatsApp. Orí RapidPro ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tí UNICEF àti iléeṣẹ́ Nyaruka ní Rwanda jọ ṣe. Òun náà ló gbé U-Report tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń lò láti ọdún 2014. ParentApp ni èkejì, èyí tí wọ́n lọ dán wò ní Mwanza, ní Tanzania. Bí òbí bá ti wà á sórí fóònù rẹ̀ tán, kò nílò dátà mọ́ láti lò ó. Tí wọ́n bá ti ṣe irú nǹkan báyìí fún ẹni àkọ́kọ́, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò lé e fún ẹni ẹgbẹ̀rún.

Àmọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpè àti dátà. Ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà yóò kọ́kọ́ ra dátà tó fi ń gba owó ọjà kó tó rántí èyí tó fẹ́ fi kẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, àwọn iléeṣẹ́ yìí ló yẹ kó jẹ́ kí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wọlé láìjẹ dátà, nítorí ohun tí yóò ná wọn kò tó nǹkan. Àwọn tó ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì náà ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí pàṣán jù lọ náà ló sì mú un dání.