Ọmọ ogun pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ohun ìjà wọn kì í tètè jáde mọ́

Ọ̀fìnkìn kan náà ló mú ọmọ-ọmọ àti bàbá àgbà nínú ilé. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù kiri, ṣùgbọ́n bàbá ṣì wà lórí ibùsùn, ó ń wúkọ́. Àwọn ará ilé á ní ọjọ́ ogbó ló dé. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ni ogbó ọ̀hún ń ṣe gan-an nínú ara? Apá kan ìdáhùn náà wà lọ́dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ẹ̀jẹ̀ funfun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní natural killer, tí wọ́n gé kúrú sí NK.

Ọdún 1975 ni àwọn onímọ̀ ní Stockholm, lórílẹ̀-èdè Sweden, àti àwọn mìíràn ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé wọn. NK kò nílò kí ó ti bá ọ̀tá pàdé rí kí ó tó kọlù ú. Àmì ìdánimọ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì tó pé. Èyí tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ̀, tàbí tó ń di jẹjẹrẹ, sábà máa ń sọ àmì náà nù. Bí ọlọ́dẹ tó bi àlejò ní ìwé tí kò rí i, NK á fara mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, á tú èròjà kan tó ń jẹ́ perforin sí i lára láti fi lu awọ rẹ̀. Èròjà mìíràn á gba ojú ihò náà wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kú.

Ẹni tó bá rò pé NK ń dín kù níye lára arúgbó ti ṣìnà. Wọ́n tilẹ̀ máa ń pọ̀ sí i ni. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé NK àgbàlagbà ṣì ń fara mọ́ ọ̀tá, àmọ́ perforin kì í tú jáde tó bó ṣe yẹ. Ìbọn wà, ọta wà nínú rẹ̀, ọwọ́ tí yóò fà á ló ti ń lọ́ra.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀fìnkìn nìkan. Ní Saitama, lórílẹ̀-èdè Japan, wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera àwọn ènìyàn 3,625 fún ọdún 11. Èsì tó jáde ní 2000 fi hàn pé jẹjẹrẹ pọ̀ jù láàárín àwọn tí agbára NK wọn kéré. NK yìí kan náà tún wà lára àwọn tó ń kó sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó kúrò lára.

Àwọn tó ń ta oògùn nínú ọkọ̀ á ní ògógóró àwọn lè sọ ẹ̀jẹ̀ arúgbó di ti ọ̀dọ́. Kí wọ́n máa tà á lọ. Kò sí oògùn kankan tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oorun ṣe pàtàkì ní tirẹ̀: nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, àwọn ọkùnrin tí wọ́n dí lọ́wọ́ oorun fún apá kan òru, agbára NK wọn lọ sílẹ̀ ní òwúrọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tún NK ṣe, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ àwọn ẹ̀ka ààbò yòókù láti dá ọ̀tá mọ̀ ṣáájú. Àgbà tí ikọ́ tàbí ibà bá sì mú kò gbọdọ̀ dúró nílé di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó rí dókítà.