Ẹgbẹ́, Ìwà àti Àdánù nínú Géèmù Baldur's Gate

Ìfáárà

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìtàn akọni lédè Yorùbá, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tó jáde ní 1938, kì í gbẹ́yìn. Nínú ìwé náà, Àkàrà-ogun bá àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkò ní agbára, Ìmọ̀dóye ní ọgbọ́n, Ọlọ́hùn-iyọ̀ ní ohùn orin, Ẹfọ̀ìyẹ̀ sì mọ ọfà ta. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ náà wà nínú àwọn géèmù orí kọ̀ǹpútà tí òṣèré ti ń kó akọni mélòó kan rìnrìn àjò. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì béèrè bóyá ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo ń darí tọ́ sí orúkọ tó ń jẹ́.

Orírun eré náà

Orí tábìlì ni eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ni atọ́kùn ìtàn. Àwọn yòókù mú ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, dáìsì, irú èyí tí a fi ń ta lúdò, ló sì ń pinnu ohun tó bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Wizardry gbé irú eré yìí wọ kọ̀ǹpútà ní 1981, ìyípadà ńlá kan wáyé: òṣèré kan ṣoṣo ló wá ń darí ẹni mẹ́fà. Ọ̀nà yìí ni BioWare ti Kánádà tọ̀ nígbà tó ṣe Baldur's Gate, tó jáde ní 1998.

Bí àìní ṣe ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Ẹ̀dá-ìtàn 25 ni òṣèré lè bá pàdé lójú ọ̀nà kí ó sì gbà sínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà péré, akọni òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú, ló lè rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yíyàn di dandan, àìní kálukú ló sì ń tọ́ yíyàn náà. Dáìsì olójú 10 ló ń pinnu bí ẹ̀mí jagunjagun ṣe yi tó. Ti oṣó kò ju olójú 4 lọ. Oṣó kò lè wọ ìhámọ́ra irin kí ó sì pe ọfọ̀. Bí ó bá ti pe ọfọ̀ kan, ọfọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀, àfi bí ó bá sùn kí ó tó tún un há sórí. Olè ló ń rí pàkúté, àlùfáà ló ń wo ọgbẹ́ sàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òfin eré náà ni òwe yìí, ònkà ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Ìwà tí a sọ di ònkà

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọ̀nyí ní ìfẹ́ inú tiwọn. Tọkọtaya ni Khalid àti Jaheira. Bí òṣèré bá lé ọ̀kan, èkejì yóò bá a lọ. Nílùú Nashkel, Minsc ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gba Dynaheir sílẹ̀. Nílùú yìí kan náà ni Edwin ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pa obìnrin náà. Kò sí bí a ṣe lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Bí òṣèré bá sì fi ẹ̀bẹ̀ Minsc falẹ̀ jù, yóò bínú kẹ̀yìn sí ẹgbẹ́.

Ẹgbẹ́ náà tún ní òṣùwọ̀n orúkọ rere, tí kò lè ju 20 lọ. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, àwọn ẹni rere yóò kúrò. Bí ó bá ga jù, àwọn ẹni ibi yóò kọ̀ láti dúró. Yorùbá gbà pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá fi wúrà tó pọ̀ tọrẹ ní tẹ́ńpìlì yóò rí orúkọ rere gbà; orúkọ rere náà yóò sì mú kí àwọn oníṣòwò dín owó ọjà kù fún un. Ohun tí òwe gbé ga ju owó lọ ti di ohun tí a ń fi owó rà.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà

Ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù wà níbi àdánù. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá ni Àkàrà-ogun ń rò fún akọ̀wé. Kò sí ẹni tó lè dá a padà. Nínú Baldur's Gate, wúrà lè jí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ tó kú dìde ní tẹ́ńpìlì. Bí akọni òṣèré fúnra rẹ̀ bá kú, eré parí, ṣùgbọ́n òṣèré lè padà sí ibi tó fi ìtàn pamọ́ sí, kí ó sì tún un rìn. Ìbànújẹ́ kò lè rinlẹ̀ bíi ti inú ìwé.

Síbẹ̀, géèmù ní ohun kan tí ìwé kò ní. Òǹkàwé Fágúnwà kò mọ̀wọ́mẹsẹ̀ nínú ohun tó bá dé bá ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọdẹ náà. Ẹni tó bá lé Khalid mọ̀ pé òun ló lé e, àti pé Jaheira bá a lọ nítorí ìpinnu òun.

Àgbálọgbábọ̀

Àkàrà-ogun kò lè dá ọwọ́ Kàkò gbé; ẹ̀bẹ̀ àti àdéhùn ló so wọ́n pọ̀. Òṣèré, ní tirẹ̀, lè dá àkókò dúró lójú ogun, kí ó pàṣẹ fún ẹni mẹ́fà níkọ̀ọ̀kan, kí ó tó jẹ́ kí ogun tẹ̀síwájú. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, irinṣẹ́ lásán ni àwọn ẹlẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n Minsc lè bínú kúrò, Jaheira lè tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, Edwin lè kọ̀. Ìgbà tí àṣẹ òṣèré kò bá múlẹ̀ mọ́ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yìí ń fi ara hàn bí ẹni tó ní èrò tirẹ̀, ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ náà "ẹgbẹ́" tọ́ sí wọn. Bí a bá fẹ́ fi ojú lámèyítọ́ wo irú eré báyìí lédè Yorùbá, àwọn ìgbà ìkọ̀sílẹ̀ wọ̀nyí ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.