Dídi Àpò Ìbẹ̀rẹ̀ Linux Láìfi Àkókò Ṣòfò

Bí ìyá kan ní Àgbádárìgì bá ń se ọbẹ̀, tí ó rán ọmọ lọ sí ọjà Àgbálátà fún iyọ̀, tí ọmọ dé tí ó tún rán an fún ata, tí ó dé tí ó tún rán an fún epo, ọbẹ̀ náà yóò pẹ́ kí ó tó jinná. Kì í ṣe ọjà rírà ni ó jẹ àkókò bí kò ṣe ìrìn. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Finland ní ọdún 1991.

Kernel ni kókó ètò náà. Àwọn ẹ̀yà tí a ń kàn mọ́ ọn, kí ó lè bá ohun èlò ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ni à ń pè ní module. Òmíràn nínú wọn kò lè dá dúró: ní Debian, ext4, tí a fi ń ka dísìkì, gbára lé jbd2, mbcache àti crc16. Ṣùgbọ́n báwo ni kernel yóò ti rí ext4 mú, nígbà tí ó jẹ́ pé inú dísìkì tí kò tí ì lè kà ni ext4 wà? Nítorí èyí ni a ṣe ń di àwọn module tí a kò lè ṣe aláìní sínú àpò kékeré kan, initramfs, tí GRUB ń gbé wọlé pẹ̀lú kernel. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, ẹ̀rọ lè má ṣí.

Depmod ni ó mọ èyí tí ó gbára lé èkejì. Nígbà tí kernel tuntun bá dé, òun ni í yẹ gbogbo module wò, tí í sì kọ àbọ̀ sínú modules.dep: module kan lórí ìlà kan, pẹ̀lú gbogbo èyí tí ó gbára lé títí dé ìdí. Ó tún ń ṣe modules.dep.bin, atọ́ka tí a fi ń rí orúkọ láìka ìwé náà láti òkè délẹ̀. Iṣẹ́ wíwá ti parí, kí dídi àpò tó bẹ̀rẹ̀. Ìfàsẹ́yìn ń wá nígbà tí a bá ń pe modprobe fún orúkọ kọ̀ọ̀kan: kí ó dìde, kí ó ṣí atọ́ka, kí ó dáhùn, kí ó kógbá, kí a tún pè é. Module 100, ìrìn ọjà 100.

Kí a kó gbogbo orúkọ jọ, kí a sì bi modprobe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú --all àti --show-depends. Kí a máa sàmì sí èyí tí a ti mú pẹ̀lú, nítorí sd_mod àti usb-storage ni wọ́n jọ gbára lé scsi_mod.

Àwọn kan a máa pa modprobe tì, wọn a fi grep wá orúkọ nínú modules.dep fúnra wọn. Ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé fọkàn tán. Ọ̀kan náà ni modprobe ka usb-storage àti usb_storage sí; grep kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbáralé tí à ń pè ní softdep kò sí nínú modules.dep rárá, inú modules.softdep ni wọ́n wà.

Ní etí òkun Àgbádárìgì, níbi tí iná mànàmáná ti lè lọ láìròtẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ohun kékeré. Bí iná bá lọ kí àpò tó parí, kernel tuntun yóò wà lórí dísìkì láìní àpò tirẹ̀. Kernel àtijọ́, bí a kò bá tí ì yọ ọ́ kúrò, ni a ó fi ṣí ẹ̀rọ.